Ọjọ́ Tí Àwòrán Mi Ṣáájú Mi Dé Ilé

Kí n tó dé Atlanta, n kò mọ̀ pé èèyàn lè jókòó sójú kan kí wọ́n sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nílé wa ní Ìwó, ẹni tí wọ́n bá rí pé ó jókòó ni wọ́n máa ń rán níṣẹ́. Ibi iṣẹ́ mi ní Tucker, létí Atlanta, ńkọ́? Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Bí mo bá fìdí kan àga pẹ́nrẹ́n, aago ẹnì kan á dún: ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀, ẹni tí omi dà sí lára, ẹni tó fẹ́ kí n lọ pe ọkọ òun wá, ọkọ tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Ìdùnnú ní kí n wá jókòó fún òun kí òun lè ya àwòrán mi, n kò bi í léèrè ohunkóhun. Mo ní, "Ká jókòó lásán? Mo ti dé."

Ìdùnnú jẹ́ ọmọ díákónì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stockbridge. Ibí ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ ọ́, ohùn á máa lọ sókè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, àwọn ìyá ìjọ á sì máa fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ bí Gẹ̀ẹ́sì tèmi ṣe máa ń rí létí àwọn tí mò ń wẹ̀ ní Tucker. Iṣẹ́ àwòrán yíyà ló ń kọ́ ní yunifásítì. Fún àṣekágbá ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó fẹ́ ya àwọn obìnrin ìjọ wa bí wọ́n ṣe ń ya àwọn obìnrin ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, nínú aṣọ wọn, nínú irun wọn, pẹ̀lú gbogbo fáàrí wọn.

"Rococo ni wọ́n ń pe style yẹn, Aunty," ó wí, ó sì gbé ìwé ńlá kan lé mi nítan.

Mo ṣí ìwé náà, ẹnu yà mí. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi wọlé. Ìdùnnú ní ohun kan tó dà bí agbọ̀n ni wọ́n so mọ́ ìbàdí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì lábẹ́ aṣọ yẹn. Òmíràn di àyà rẹ̀ pinpin, kò sì dájú pé ó rí atẹ́gùn mí. Funfun ni irun gbogbo wọn, àti ọmọge àti ìyá ọlọ́mọ. Mo bi í pé kí ló dé tí gbogbo wọn jọ hu ewú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kì í ṣe ewú, ìyẹ̀fun ni wọ́n dà sórí, àṣà ìgbà náà ni. Wọ́n kun ojú ní funfun, wọ́n wá fi pupa sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òdòdó rósì wà lára aṣọ, ó wà nínú irun, ó wà nílẹ̀. Kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó fi eyín hàn.

"Ṣé ìyẹ̀fun tó ṣeé jẹ?" mo bi í.

"Starch ni, Aunty. Àwọn kan ò rí bread jẹ, àwọn yìí ń dà á sórí."

Mo ní, "A ní irú wọn nílé." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìwé náà mú kó má bàa bọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibí ṣe rí lójú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, kí ẹ lè mọ ìdí tí ìjókòó yẹn fi wù mí. Yàrá kan ni mo gbà nínú ilé Aunty Bùnmi ní Riverdale. Nọ́ọ̀sì ni Aunty Bùnmi, alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ṣe ń wọlé ló ń jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo jókòó sẹ́nu fèrèsé, mò ń retí ẹni tó máa kọjá kí n lè kí i. Kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ rìn. Mọ́tò á dé, ilẹ̀kùn gáráàjì á ṣí fúnra rẹ̀, mọ́tò á wọlé, ilẹ̀kùn á sì wálẹ̀ bò ó. N kò rí ojú ẹnì kankan. Ìkíni tí mo ti múra sílẹ̀ wà lẹ́nu mi lásán. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí.

N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló burú o. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọ highway láìdijú. Ìyá òyìnbó kan wà ní Tucker tó máa ń gé gbogbo wa jẹ bí a bá fẹ́ ya irun rẹ̀. Èmi nìkan ló wá gbà kí n yà á. Mo fi ìyẹn yangàn fún odidi oṣù kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò níbẹ̀, bóyá ó mọ́, bóyá ó yá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè sọ bí ojú mi ṣe rí bí mo bá ti jáde.

Nílé, Màmá mi ló kù fún mi, òun àti àbúrò mi Múyìíwá, tíṣà ní Ìbàdàn. Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Màmá. Apá òsì rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, àmọ́ dókítà sọ fún Múyìíwá pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, pé ìròyìn burúkú kan tó bá bá a lójijì lè gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà ni Múyìíwá ti sọ ọ́ di òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó burú fún Màmá lórí fóònù. Bí atẹ́gùn bá ṣí òrùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ kan òmíràn tán kí wọ́n tó ní atẹ́gùn fẹ́. Èmi náà ń pa òfin yẹn mọ́. Ẹ̀yìn á máa ro mí gooro, n óò dùbúlẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, n óò máa sọ fún un pé ara mi le koko. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí bí a bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rù a sì máa bà mí bó bá dákẹ́ pẹ́.

Nínú gáráàjì àwọn Ìdùnnú ni mo ti ń jókòó lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Kọ́tìnnì aláwọ̀ ojú ọ̀run ló rà ní ilé ìtajà alókù tó sì fi rán aṣọ náà fún mi. Ó so agbọ̀n oníke mọ́ mi ní ìbàdí, ó fi okùn fa àyà mi títí mo fi ní kó ṣe pẹ̀lẹ́, pé mo ṣì ń lọ ṣiṣẹ́ lọ́la. Irun òwú ni mo kó nígbà náà. Ó ní kí n má tú u. Ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sókè gàngà, ó ku ìyẹ̀fun àgbàdo sí i, ó tún fi kun ojú mi.

"Aunty, ẹ má rẹ́rìn-ín."

"Kí ló dé?"

"Wọn kì í fi eyín hàn nígbà yẹn. Wọ́n gbà pé ẹni tí ò lẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn wò mí báyìí, jẹ́ẹ́jẹ́."

Mo wò ó jẹ́ẹ́jẹ́. Òun náà wò mí. Á wo iwájú orí mi, á wo ìsàlẹ̀ ojú mi, á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, á tún gbójú sókè. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, kò sẹ́ni tó wò mí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ojú kọ́kọ́ tì mí, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi. Mo máa ń ronú nípa àwọn obìnrin inú ìwé rẹ̀, àwọn tó jókòó ní wákàtí gbọọrọ kí wọ́n lè wò wọ́n, tí ẹlòmíràn ń bá wọn di okùn, tí ẹlòmíràn ń bá wọn kó irun. Èmi ni mo máa ń bá àwọn èèyàn di bọ́tìnnì ní Tucker. Nínú gáráàjì yẹn, mo bọ́ sí ipò ẹni tí wọ́n ń bá di okùn fún ìgbà díẹ̀, n kò sì fẹ́ kó tètè parí.

Nígbà tó parí, bí ẹyin ló ṣe gé fírémù rẹ̀. Rósì yí i ká. Ó fi wúrà kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀, nítorí ó ní àwọn obìnrin ìgbà náà kì í jẹ́ aláìlórúkọ. Ọjọ́ Ẹtì ló fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹnì kan gbé e sínú WhatsApp ìjọ, nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn ìyá ìjọ ti fi í sórí status wọn, àwọn mìíràn yọ fọ́tò ara wọn kúrò, wọ́n fi tèmi dípò. Orí mi wú. Mo sùn pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. N kò ronú kan ilé rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà wo ni àwọn èèyàn máa ń yọ fọ́tò ara wọn tí wọ́n á fi ti ẹlòmíràn sí i, lójijì, lọ́jọ́ kan náà? Pàápàá bí òdòdó bá yí fọ́tò ọ̀hún ká, bí orúkọ bá wà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni inú rẹ̀ bá funfun látorí dé ọrùn tó sì pa ẹnu dé.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àbámẹ́ta, iṣẹ́ òwúrọ̀ ni mo ní. Wọn kì í jẹ́ kí a mú fóònù wọ inú yàrá àwọn arúgbó. Inú lọ́kà tí a ń kó ẹrù wa sí ni tèmi wà. Ìdùnnú fẹ́ wá gbé mi lọ́sàn-án láti lọ wo àwòrán náà níbi tí wọ́n gbé e kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Mo jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, mo tan fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi láìdáwọ́ dúró. Ìpè láti ilé, ìpè láti Èkó, ìpè láti ọ̀dọ̀ àwọn tí a kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìgbéyàwó Múyìíwá. Títí, ọmọ àbúrò bàbá mi tó wà ní Èkó, ti fi ohùn ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹkún ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹni tó bá wà nídìí phone yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa pé irọ́ ni. A rí fọ́tò Sister lórí status àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kò sẹ́ni tó pè wá. Wọ́n ti gba phone lọ́wọ́ Màmá kó má bàa rí i. Bọ̀dá Múyìíwá àti àwọn àgbà ti ń lọ sí Ìwó láti lọ bá a sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo pe Màmá, wọ́n ti pa fóònù náà. Mo pe Múyìíwá, ó dún títí ó fi gé, kò gbé e. Mo tún pè é, bákan náà ni. Mo pe Títí, kò wọlé. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé mo wà láàyè, ohùn náà dúró sójú kan pẹ̀lú àmì kan ṣoṣo tó fi hàn pé kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Kí ló dé tí wọn ò gbé e?" Ìdùnnú bi mí. "Nọ́ńbà yín ni wọ́n rí."

"Ìdí tí wọn ò fi gbé e nìyẹn. Bí nọ́ńbà òkú bá ń pè ọ́, ṣé o fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ fẹ́ sọ?"

"Òkú? Aunty, painting ni. Wọ́n ń celebrate yín ni."

Inú bí mi. Mo ní, "Wò mí dáadáa. Ìwọ lo fi ìyẹ̀fun kùn mí, ìwọ lo fi òdòdó yí mi ká, ìwọ lo ní kí n má rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún ìyá mi kí n tó bá a sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ máa dúró. O gbọ́? Dókítà ti sọ ọ́. Ìyá mi máa kú nítorí èmi tí n kò kú."

Ó pa ẹnjìnnì mọ́tò. Omi ti dé ojú rẹ̀, n kò sì ní àkókò láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọ̀sán ni níbí, ìrọ̀lẹ́ ti dé nílé, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìwó kò sì jìn. Mo pe pásítọ̀ ìjọ Màmá, kò gbé e. Mo pe aládùúgbò Màmá tó ń rán aṣọ, ó gbé e, ó gbọ́ ohùn mi, ó ké "Jésù", ó sì pa á. Mo tún un pè, ó ti pa fóònù rẹ̀ pátápátá. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jáde kò sì dùn gbọ́. Mo fi fóònù lé itan, n kò mọ ẹni tí mo tún máa pè.

"Aunty," Ìdùnnú wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣé wọ́n ń dúró de ẹni tó máa pè wọ́n láti Atlanta?"

"Kí ni?"

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Tí nọ́ńbà America mìíràn bá pè, wọ́n máa rò pé ẹni yẹn ni. Wọ́n máa gbé e." Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Ẹ lo tèmi."

Ó tẹ nọ́ńbà Múyìíwá bí mo ṣe ń pè é fún un, ó sì tan speaker kí àwa méjèèjì lè gbọ́. Kò tíì dún dáadáa tó fi gbé e.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà." Ohùn àbúrò mi ti há. "Èmi ni àbúrò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ ọ́ kíákíá."

"Múyìíwá."

Mo gbé fóònù náà sún mọ́ ẹnu sí i.

"Múyìíwá, èmi ni. N kò kú. Àwòrán ni, wọ́n yà mí ni."

"Ta nìyẹn?" Ìbínú ló fi sọ ọ́. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí, mo bẹ̀ yín."

"Ta ni ìka rẹ̀ há sẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà tí a wà lọ́mọdé, tó ní kí n má sọ fún Màmá pé inú yàrá bàbá ni òun ti fẹ́ jí súgà?"

Ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. "Sister mi," ó ní. "Sister mi."

"Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti sọ ọ́?"

"Àwọn àgbà ti wọlé. Mi ò lè bá wọn wọlé, ìta ni mo wà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

"Sáré wọlé, Múyìíwá."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn onírin tí Màmá kì í jẹ́ kí wọ́n fi agbára tì. Mo wá gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó rọra ń yí ọ̀rọ̀ po bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe é: "Ìyàwó wa, o ti rí púpọ̀ nílé ayé yìí. O sin ọkọ, o kò dá Ọlọ́run lẹ́jọ́. Ohun tó gbé wa wá ní ìrọ̀lẹ́ yìí…"

Màmá dá a dúró. Ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì gbọ̀n. "Ẹ pọ̀ jù fún ìkíni. Èwo nínú àwọn ọmọ mi ni?"

"Kò sí, Màmá, kò sí," Múyìíwá ń pariwo. "Òun nìyí. Ẹ gbà, òun nìyí lórí phone."

Ìdùnnú ti di apá mi mú. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù náà láti ọwọ́ dé ọwọ́, mo wá gbọ́ mímí rẹ̀. Ó ń mí lọ́nà tí n kò fẹ́ràn, ó ń sáré, ó ń já.

"Màmá, èmi ni."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú.

"Màmá, mo wà láàyè. Mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ibi iṣẹ́ mi. Ọmọ kan ló ya àwòrán mi, wọ́n sì ṣì í lóye."

"Sọ̀rọ̀ sí i," ó wí.

N kò mọ ohun tí mo máa sọ, mo bá ń sọ èyí tó bá ti wá sẹ́nu. Mo sọ nípa ìyá òyìnbó tó ń géni jẹ. Mo sọ pé ẹ̀yìn ń ro mí, pé mò ń dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ nípa ilẹ̀kùn gáráàjì tó ń bo àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ ní Riverdale, pé n kò mọ orúkọ ẹnì kankan ní àdúgbò mi. Gbogbo ohun tí òfin Múyìíwá kò gbà ni mo sọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mímí rẹ̀ ń rọlẹ̀, títí ó fi ń lọ déédéé. Nínú yàrá lọ́hùn-ún, ẹnì kan ti ń sunkún ayọ̀, ẹnì kan sì ń ní kó dákẹ́.

"Ó dáa," Màmá wí. "Bó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀ tí ìbá pè mí?"

Mo ro Aunty Bùnmi, kò mọ orúkọ ìyá mi. Mo ro ọ̀gá mi ní Tucker, mo ro gbogbo àwọn ìyá ìjọ tó fi ojú mi sórí fóònù wọn láti àná. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní nọ́ńbà ilé wa, nítorí n kò fún wọn rí, wọn kò sì béèrè. Bí mo bá ti kú ní òótọ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tí Màmá ìbá gbọ́. N kò lè purọ́ fún un mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìdùnnú na ọwọ́. N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́. Ó rọra gba fóònù náà lọ́wọ́ mi.

"Màmá, ẹ káàsán mà. Orúkọ mi ni Ìdùnnú. Èmi ni mo ya àwòrán yẹn, ẹ má bínú sí mi." Gbogbo ohùn rẹ̀ ló ṣì lọ síbi tí kò yẹ, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo máa pè yín. Kò ní ṣẹlẹ̀, àmọ́ èmi ni mo máa pè yín. Mo tún lè máa pè yín tí kò bá sí nǹkan kan."



"Ọmọ ta ni ọ́?" Màmá bi í.

Mo rò pé yóò dárúkọ díákónì, bàbá rẹ̀. Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tó bá ń yà mí, jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ti Aunty ni mí, mà."

"Ó dáa," Màmá wí. "Múyìíwá, gba nọ́ńbà ọmọ yìí, kí o kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri níbi tí ojú mi máa tó o."

Mo gbọ́ bí àbúrò mi ṣe ń bi àwọn àgbà bóyá ẹnì kan ní bírò lápò.